Ìrora Lọ, Àrùn Kò Lọ: Ẹ̀kọ́ Lórí Àrùn Iṣan Ọkàn

  



Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àrùn iṣan ọkàn. Ohun tí ojú wa ń rí láàárín ara wa nílẹ̀ Haúsá níbí ló jẹ́ kí á yàn án. Ẹnì kan á wó lulẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sáré gbé e lọ sí ọsibítù, Ọlọ́hun á yọ ọ́, á sì gba oògùn bọ̀ wálé. Tó bá di oṣù kẹta, àyà kò dùn ún mọ́. Á ní ara òun ti le, owó oògùn sì ti pọ̀ jù, ni á bá pa oògùn tì. Tí àrùn náà bá tún gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kì í sábà rọrùn bí ti àkọ́kọ́.

Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ilé di mú nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: àrùn iṣan ọkàn kì í kúrò lára tán, ṣùgbọ́n èèyàn lè bá a gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó bá ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, yálà ibì kan ń dùn ún tàbí kò dùn ún.

1. KÍ NI ÀRÙN NÁÀ?

Ọkàn èèyàn tóbi tó ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó máa ń lù tó ìgbà 100,000 láàárín ọ̀sán àti òru kan, láti fi ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Òun náà sì ní láti jẹun kó tó lè ṣiṣẹ́. Àwọn iṣan kéékèèké tó yí ara rẹ̀ ká ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ wá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ibn al-Nafis, oníṣègùn ará Damásíkù tó kú sí Káírò ní ọdún 1288, kọ ọ́ sínú àlàyé rẹ̀ lórí ìwé Ibn Sina pé inú iṣan tó wà nínú ẹran ọkàn ni ọkàn ti ń gba oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ wo ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà wọ ọjà. Bí pàǹtírí bá ń dí i díẹ̀díẹ̀, ní ọjọ́ tí ọjà dá, ẹnikẹ́ni kò ní fura, torí pé ọkọ̀ méjì mẹ́ta tó ń bọ̀ á rí ọ̀nà gbà. Ọjọ́ tí ọjà bá kún ni wàhálà máa dé. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ọkàn rí. Ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, kò ní mọ nǹkan kan. Bó bá gbé ẹrù tàbí tó sáré, ọkàn á béèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ọ̀nà kò sì ní gbà á. Ìgbà náà ni àyà á fún un.

Èyí tó léwu jù ni pé ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ iṣan náà lè là lójijì. Ẹ̀jẹ̀ á dì sórí rẹ̀, ọ̀nà á dí pátápátá, apá ibi tí iṣan yẹn ń bọ́ lára ọkàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èyí ni à ń pè ní ìkọlù ọkàn.

Àwọn ohun tó ń fà á ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá, ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ara sísan jù àti àìrìn. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdílé: ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní in nígbà tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ní láti ṣọ́ra ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ wo ìgbésí ayé àwa oníṣòwò. A ti jókòó sí ìdí ọjà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, súyà ni a fi ń pa ebi, ìrònú gbèsè kò sì jẹ́ ká sùn.

Nígbà kan rí, àwọn dókítà máa ń sọ pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Áfíríkà. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ṣe ń pọ̀ láàárín wa ni òun náà ń pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, èèyàn bí mílíọ̀nù 17.9 ni àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa lágbàáyé. Ìyẹn ni pé nínú èèyàn 100 tó kú lọ́dún náà, nǹkan bí 32 ló jẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá mú má ṣe máa wá ẹni tó ta á lọ́fà láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń tajà.

2. ÀMÌ RẸ̀ ÀTI OHUN TÍ A Ó ṢE

Àmì méjì ni kí á mọ̀ yàtọ̀ síra wọn.

Àkọ́kọ́ ni àyà fífún. Á dà bí ẹni pé wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé èèyàn láyà. Ó sábà máa ń wá nígbà tí èèyàn bá ń gun àtẹ̀gùn, tó ń gbé ẹrù, tó ń bínú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, tàbí tí òtútù ọyẹ́ bá mú un. Ó lè rìn dé apá òsì, ọrùn, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn. Bí ó bá sinmi, á lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ pè é ní afẹ́fẹ́ inú kó wá máa fi omi gbígbóná tàbí oògùn ọgbẹ́ inú tì í. Kí ó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Ìkejì ni ìkọlù ọkàn. Ìrora rẹ̀ kì í lọ bí a tilẹ̀ sinmi. Òógùn tútù lè bo èèyàn, èébì lè gbé e, kò sì ní lè mí dáadáa. Ẹ fi èyí sọ́kàn: àwọn obìnrin, àwọn àgbà àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè ní ìkọlù ọkàn láìsí ìrora àyà tó lágbára. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn ń mí gúlegúle, tàbí ó rẹ̀ wọ́n lójijì, tàbí inú ń rú wọn. Ìyá tó bá ní òun kò mọ ohun tó ń ṣe òun, tí òógùn sì ń bò ó nínú òtútù, ẹ má ṣe ní kó lọ sùn.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ohun tí a ó ṣe nìyí:

(a) Kí ó jókòó lójú kan. Kò gbọdọ̀ rìn, kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn.

(b) Bí dókítà bá ti fún un ní GTN, ìyẹn oògùn abẹ́ ahọ́n, kí ó fi hóró kan sábẹ́ ahọ́n lórí ìjókòó, torí pé ó lè mú òòyì kọ́ni. Bí ìrora kò bá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, tàbí tó ń le sí i, kí ẹ wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó lè lo òmíràn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 mìíràn bí ẹ ti ń lọ, kó má ṣe ju mẹ́ta lọ.

(d) Kí ó rún aspirin 300 mg lẹ́nu, tí í ṣe hóró mẹ́rin nínú oníkékeré 75 mg, àfi bí aspirin kò bá bá a lára mu, bí ọgbẹ́ inú rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ tí apá kan ara rẹ̀ sì rọ.

(e) Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tó ní ẹ̀rọ ECG tí wọ́n fi ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, ìbáà ṣe òru. Aláìsàn kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ wa mọ́tò. Ẹ má sọ pé kí ilẹ̀ mọ́ ná. Àárín wákàtí 12 àkọ́kọ́ ni oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wúlò, wákàtí méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì dára jù. Bí ẹ ti ń pẹ́ ni ẹran ọkàn ń kú lọ, èyí tó bá sì ti kú kì í jí mọ́.

(ẹ) Bí ó bá ṣubú tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, kí ẹnì kan kúnlẹ̀ tì í, kó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ara wọn ní àárín àyà rẹ̀, kó máa tẹ̀ ẹ́ wọlé kíákíá pẹ̀lú agbára, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bó bá rẹ ẹnì kan, kí ẹlòmíràn gbà á.

3. OÒGÙN OJOOJÚMỌ́

Oògùn àrùn yìí dà bí àjọ. Owó tí èèyàn ń dá lójúmọ́ kéré, kò sì ní rí èrè rẹ̀ lọ́jọ́ tó dá a. Ẹni tó bá dá a dúró láàárín oṣù kò gbọdọ̀ retí nǹkan nígbà tí oṣù bá parí. Bákan náà, oògùn tí a ń lò nígbà tí ara le ni kò jẹ́ kí ara tún dàrú.

Àwọn tí dókítà sábà máa ń kọ nìwọ̀nyí. Aspirin kékeré, 75 mg tàbí 100 mg, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan. Ẹ̀yìn oúnjẹ ni kí á máa lò ó. Atorvastatin tàbí rosuvastatin ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, kì í sì jẹ́ kí èyí tó ti lẹ̀ mọ́ iṣan là. Bisoprolol, metoprolol tàbí atenolol ń jẹ́ kí ọkàn máa lù jẹ́jẹ́. Lisinopril tàbí ramipril ń rọ ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, ó sì ń dáàbò bo ọkàn. Ẹni tí wọ́n bá fi stent sí lára, ìyẹn ọ̀pá irin kékeré oníhò tí wọ́n fi ń la iṣan, á tún máa lo clopidogrel tàbí irú rẹ̀ fún iye oṣù tí dókítà bá sọ. Bó bá dá a dúró kí àsìkò rẹ̀ tó pé, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú stent náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá bisoprolol, metoprolol tàbí atenolol dúró lójijì. Ọkàn lè tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kíkankíkan, kó sì fa ìkọlù. Bí oògùn kan bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ padà sọ fún dókítà, nítorí òmíràn wà. Bí àpẹẹrẹ, lisinopril àti ramipril máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan, dókítà sì mọ èyí tó lè fi rọ́pò rẹ̀.

GTN kò fẹ́ ooru. Ní Kánò níbí, ooru oṣù April lè tó ìwọ̀n 40, inú mọ́tò tí a gbé sóòrùn sì máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi hóró rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgò tó bá wá, kí ẹ dé e dáadáa, kí ẹ má fi sínú mọ́tò. Lẹ́yìn oṣù méjì tí ẹ ti ṣí i, ẹ ra tuntun.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ kan rèé tí ìtìjú kì í jẹ́ ká sọ. Ẹni tó bá ń lo GTN kò gbọdọ̀ lo sildenafil tí wọ́n ń pè ní Viagra, tàbí tadalafil. Bí méjèèjì bá pàdé nínú ara, ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi ikú. Búrántáṣí, èèpo igi lílọ̀ tí wọ́n ń bù sórí súyà fún agbára ọkùnrin, máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru kí ọkàn sì máa sáré. Kì í ṣe oúnjẹ ẹni tí ọkàn ń dùn. Ìbálòpọ̀ fúnra rẹ̀ kò di èèwọ̀. Ẹni tó bá lè gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì láìmí gúlegúle, tí àyà kò sì dùn ún, sábà máa ń lè padà sídìí rẹ̀. Kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Ẹ tún ṣọ́ra fún oògùn ara ríro. Ọ̀pọ̀ wa, bí a bá já ẹrù tán, diclofenac tàbí ibuprofen ni a ń rà. Oògùn méjèèjì lè fa ìkọlù ọkàn fún ẹni tó ti ní àrùn yìí, wọ́n sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Paracetamol ló dára jù fún un.

Ní ti ibi tí a ti ń rà á, ẹ má ra oògùn ọkàn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri rẹ̀ nínú abọ́ káàkiri ọjà. Ilé ìtajà oògùn tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn náà máa bàjẹ́. Ní ti owó rẹ̀, òfin ìbánigbófò ìlera tuntun ti wà láti ọdún 2022, ó sì kan àwa oníṣòwò pẹ̀lú, kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ti ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé.

Bí a bá ń lọ sílé fún Iléyá, yálà Ìlọrin ni o, Ògbómọ̀ṣọ́ ni o, tàbí Ìwó, kí oògùn tí a ó mú dání ju iye ọjọ́ ìrìn àjò lọ. Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú búùtù mọ́tò lábẹ́ àpò ẹ̀wà àti àlùbọ́sà.

4. OÚNJẸ, ÌRÌN ÀTI ÌSINMI

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má ju gíráàmù 5 lọ, tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ. Iyọ̀ inú Máàgì, kílíṣí àti ẹja gbígbẹ wà lára ìṣirò náà. Ẹ dín epo kù nínú ọbẹ̀. Ẹ yọ ọ̀rá kúrò lára ẹran kí ẹ tó sè é, kí bọ́tà màlúù má sì pọ̀ lórí túwó. Ẹja, ẹ̀wà, ewédú, ẹ̀fọ́, kúkà, ọsàn àti ìbẹ́pẹ dára. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà ní láti tún díwọ̀n túwó, ìrẹsì àti iṣu. Ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀, torí oúnjẹ àjẹyó máa ń ni ọkàn lára.

Ẹni tó ń mu sìgá, kí ó jáwọ́ lónìí. Lẹ́yìn ọdún kan tó bá ti jáwọ́, ewu àrùn ọkàn lórí rẹ̀ á ti dín sí nǹkan bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún. Obì náà, ẹ dín in kù, nítorí ohun tó wà nínú kọfí ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń mú ọkàn sáré.

Nígbà tí dókítà bá ti ní kí ẹ máa rìn, ẹ máa rìn fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí mọ́sálásí kò bá jìnnà, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Bí ẹ bá lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń rìn, ìrìn náà tó. Bí àyà bá fún, ẹ dúró. Nígbà ọyẹ́, pàápàá ní Jọ́ọ̀sì, òtútù máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tó nípọn kí ẹ tó jáde fún ìrun àsùbáà, kí ẹ sì fi omi lílọ́wọ́wọ́ ṣe àlùwàlá.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé lè máa bẹ̀rù láti sùn, tàbí kí inú rẹ̀ máa bàjẹ́ láìnídìí. Ìyẹn wọ́pọ̀. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Kí ó sọ ọ́ fún dókítà bó ṣe ń sọ ti àyà dídùn.

5. ÌRUN, ÀÀWẸ̀ ÀTI HÁJÌ

Ẹni tí ìdìde àti ìforíkanlẹ̀ bá ń fún láyà, kí ó jókòó kírun. Imran bin Husayn ṣàìsàn, Ànọ́bì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) sì sọ fún un pé bí kò bá lè dúró kó jókòó, bí kò bá lè jókòó kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó wà nínú Sahih al-Bukhari.

Ní ti ààwẹ̀, Sūratul Baqarah, āyah 184 àti 185, ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ẹni tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ẹni tí àyà ń dùn lórí ìjókòó, àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kò yẹ kí wọ́n gba ààwẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ti dúró dáadáa, kí ó lọ rí dókítà ní oṣù kan tàbí méjì kí Ramadan tó dé. Ọ̀pọ̀ irú wọn lè gbà á, tí dókítà bá ti to oògùn wọn sí àkókò ìṣínu àti ti sààrì. Kí ẹnikẹ́ni má fúnra rẹ̀ tò ó. Bí ààwẹ̀ bá sì bọ́ sí àkókò ooru, kí ó sá fún oòrùn, kó sì mu omi dáadáa lóru bí dókítà kò bá díwọ̀n omi fún un.

Bí àyà bá fún aláààwẹ̀, kí ó lo GTN rẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ Fíqíhì àgbáyé tó wà lábẹ́ àjọ OIC ti wo ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé wọn kẹwàá ní Jeddah ní 1997. Wọ́n ní oògùn tí wọ́n fi sábẹ́ ahọ́n nítorí àyà fífún kò ba ààwẹ̀ jẹ́, bí èèyàn kò bá gbé èyí tó ṣàn dé ọ̀fun mì. Bí ìrora kò bá wá lọ, kí ó ṣínu kó lọ sí ọsibítù. Ẹni tí a retí pé ara rẹ̀ yóò le á san ààwẹ̀ náà padà. Ẹni tí kò ní lè gbà á mọ́ láéláé á máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní ti Hájì, agbára wà lára ohun tó sọ ọ́ di dandan, agbára ara sì wà nínú rẹ̀. Kí ẹni tó ní àrùn yìí tó san owó Hájì, kí ó jẹ́ kí dókítà yẹ òun wò, kí ó sì gba ìwé tó ní orúkọ oògùn rẹ̀ nínú. Tó bá dé ibẹ̀, kí ó má tijú àga oníkẹ̀kẹ́. Nígbà tí Ummu Salamah, ìyàwó Ànọ́bì, ṣàìsàn, Ànọ́bì ní kí ó gun nǹkan yí Kaaba ká lẹ́yìn àwọn èèyàn.

6. ÀDÚRÀ PẸ̀LÚ OÒGÙN

Àwa alfa ni ọ̀pọ̀ aláìsàn kọ́kọ́ ń wá bá. Àdúrà dára, rukya dára, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí èèyàn má ṣe é. Ṣùgbọ́n alfa tó bá sọ fún ẹni tí àyà ń dùn pé kó da oògùn ọsibítù nù, kó máa mu hàntú nìkan, ti gbé ẹrù tí kò lè rù. Ìtàn kan wà nínú Sunan Abu Dawud, bí àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí okùn ẹ̀gbàwá rẹ̀. Saad bin Abi Waqqas ṣàìsàn, Ànọ́bì bẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ lé e láyà, ó ní àìsàn ọkàn ló ń ṣe é, ó sì darí rẹ̀ sọ́dọ̀ al-Harith bin Kaladah, oníṣègùn ará Thaqif. Ẹ wò ó: Ànọ́bì tí àdúrà rẹ̀ ń gbà ló rán sàábé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Saad yìí náà ló ṣe olórí ogun ní Qadisiyyah ní nǹkan bí ọdún 636, lẹ́yìn tí Ànọ́bì ti fi ayé sílẹ̀.

Hijáámà, tí àwọn Haúsá ń fi ìwo ṣe, ní ewu tirẹ̀ fún ẹni tó ń lo aspirin àti clopidogrel, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá. Kí ó kọ́kọ́ bi dókítà. Habbatu-s-sawdā àti àgbo náà, kí ó jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé òun ń lò wọ́n.

7. IṢẸ́ ARA ILÉ ÀTI TI ẸGBẸ́

Kí ìyàwó àti àwọn ọmọ mọ ibi tí oògùn bàbá wà, kí wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kí ìwé kékeré kan wà nínú àpò rẹ̀ tó ní orúkọ àrùn, orúkọ oògùn àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n á pè. Ẹ má ṣe fi àìsàn yìí pamọ́ fún ara yín nítorí ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi, ìbátan wa jìnnà. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló máa gbé wa dé ọsibítù kí ẹ̀gbọ́n tó wà nílé tó gbọ́.

A dá ohun méjì lábàá fún ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún gbogbo ẹni tó bá wá sí àsàlátù lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bó bá ti tó 140 lórí 90, kí ẹni náà lọ rí dókítà. Èkejì, kí a kọ orúkọ àwọn tó ní mọ́tò ládùúgbò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n gbà kí a jí wọn lóru nítorí aláìsàn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀSÀLÁTÙ

(1) Kí ló dé tí àyà fi máa ń fún èèyàn nígbà tó bá gbé ẹrù, tó sì máa ń lọ nígbà tó bá sinmi?
(2) Àmì wo ni obìnrin tàbí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè rí láìsí àyà dídùn?
(3) Ta ni kò yẹ kó gba ààwẹ̀, kí sì ni yóò ṣe dípò rẹ̀?
(4) Bí àyà bá fún bàbá tàbí ìyá lóru òní nínú ilé yín, ta ni ẹ máa pè, ọsibítù wo ni ẹ máa lọ?

Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan dáhùn ìbéèrè kẹrin náà kí wọ́n tó sùn lálẹ́ òní.

Kí Allāhu fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó fún àwọn tó ń tọ́jú wọn ní sùúrù àti owó, kí Ó má jẹ́ kí a kú ikú àìmọ̀. Àmín.